Ọkọ́ Bàbá Tó Wà Nínú Gíláàsì

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Mo kí ẹ̀gbọ́n Bàbá tó dúró ti òkú nígbà tí èmi kò lè dé. Mo kí Àjàní àbúrò mi. Kí tẹligíráàmù yín tó dé ọwọ́ mi ní Port Harcourt níbí, wọ́n ti sin Bàbá tán. Ẹ̀dùn yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Nínú lẹ́tà tí ẹ kọ tẹ̀lé e, ẹ ní Àjàní ni yóò gba oko, ẹ sì fẹ́ kó jẹ́ ọkọ́ Bàbá ni yóò fi kọ ebè àkọ́kọ́. Mo ka ibẹ̀, mo sunkún. Gbogbo ẹbí ló ń bi yín léèrè ọkọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ èsì mi sínú ìwé ìròyìn, kí tọmọdé tàgbà kà á.

Ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mùsíọ̀mù ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí kí ará ìlú máa wá wò. Ohun èlò àgbẹ̀ la kó jọ sínú àpótí gíláàsì báyìí: ọkọ́, àdá, apẹ̀rẹ̀, ọlọ, ìkòkò epo. Nígbà tí ọ̀gá wa ní kí kálukú mú nǹkan wá láti ìlú rẹ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ́ yẹn lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ò lágbára oko mọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó sí igun kan, kí n máa wo àwọn tó wá wòran: ibi tí wọ́n dúró, ibi tí wọ́n kọjá, ohun tí wọ́n sọ. Mi ò gbọ́dọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Kí ènìyàn máa ṣọ́ ojú olójú kó sì gbowó lé e, ó ṣòroó ṣàlàyé fún ìyá ẹni.

Ọ̀gá mi ní tí àsìkò òjò bá ti lọ, ohun tí ènìyàn kì í dúró wò, kí olóhun wá gbé e. Èyí tí wọ́n ń dúró tì ni yóò wà níbẹ̀ títí. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ti Bàbá. Ó bá mi kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ó ní tí òun bá fún ẹnìkan, gbogbo wọn ni yóò wá gba tiwọn. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má wo ọkọ́ Bàbá mi. Ẹ gbọ́ irú àdúrà! Ó sì ń gbà. Àwọn obìnrin láti ọjà Diobu á dúró níbi ọlọ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ọkọ́, wọ́n á ní, "Na hoe," ìyẹn ni pé ọkọ́ ni, wọ́n á kọjá. Inú mi á dùn, inú mi á tún bàjẹ́, pé ibi tí ọwọ́ Bàbá ti jẹ igi ọkọ́ náà tó fi ń dán, ẹnikẹ́ni ò rí i.

Òjò ibí yìí kì í dá, aṣọ ò gbẹ bọ̀rọ̀. Pijin là ń sọ nínú àgbàlá tí mò ń gbé. Ó lè pẹ́ gan-an kí n tó gbọ́ kí wọ́n pè mí ní Àbẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan sá òjò wọlé. Aṣọ ló ń tà lọ́jà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ilà ojú rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ kó tó lanu. Kì í ṣe ìran ló bá wá. Ó ń gbọn omi kúrò lára aṣọ rẹ̀ títí ó fi dé iwájú ọkọ́ Bàbá, ó bá dúró. Ó wò ó títí, ó sì kí i, bí ẹni tó ń kọjá létí oko:

"Àroko bọ́dún dé o!"

Ìyá mi, ta ni yóò dáhùn? Ẹni tó ni ọkọ́ ti wà nínú ilẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá panu mọ́, òjò á dá, bàbá náà á lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti kékeré pé àdúrà ni wọ́n fi ń kí àgbẹ̀, pé kí n má jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Mo dìde, mo ní, "Àṣẹ o."

Ó yíjú, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo sọ fún un pé ọmọ ẹni tó ni ọkọ́ náà ni mí, pé a ti sin ín. Àwa méjèèjì la jọ sunkún níbẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń kó àwọn ará ilé wá, ti Ọ̀yọ́, ti Ọ̀fà, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn tí pijin nìkan yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n á kí ọkọ́ náà, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ dáhùn. Bí mo ti rí i ni mo ṣe sọ fún ọ̀gá mi, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ó ti fèsì. Ọkọ́ Bàbá ò ní wálé mọ́.

Ẹ má bínú sí mi. Ẹ bá mi bẹ Àjàní kó fi ọkọ́ tirẹ̀ kọ ebè náà. Kẹ́ ẹ wá dúró létí oko, kẹ́ ẹ kí i bí ẹ ṣe máa ń kí Bàbá. Tó bá dáhùn tí ohùn rẹ̀ jọ ti Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á jẹ́ kí iṣu Àjàní ta. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, ẹ kí àwọn tó wá bá yín jókòó.

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́, ọmọ yín.