Ìdí Ọkọ̀ Bàámi

Sátidé, ìrọ̀lẹ́. Oǹdó.

Ọkọ̀ náà tún ta òkìtì lórí omi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lónìí, lójú Bàámi, bí mo bá ṣì lè sọ pé lójú wọn. Dókítà ní ìríran tó ṣẹ́ kù fún wọn náà ń lọ.

Bàámi ni wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ọkọ̀ ojú omi kékeré yìí, tí abẹ́ rẹ̀ là sí ẹsẹ̀ méjì, tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá. Èmi ni mo ṣèlérí pé yóò sáré kí ojú wọn tó lọ tán. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fi ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè sódò nílé mi ní Àkúrẹ́, tí mò ń sún bátìrì síwájú. Bí mo bá ti tẹná fún un báyìí, imú rẹ̀ á gbé sókè, ó di òkìtì. Díẹ̀ ló kù kí n ju rìmóòtù tí mo fi ń darí rẹ̀ sínú adágún ẹja tí a ti ń dán an wò.

Bàámi ní, "Gbé e fún mi." Wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. "Bọ́lá, ìdí rẹ̀ wúwo ju bí mo ṣe kàn án lọ. Kí lo kì sí i?"

Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, kó má baà rì. Ó ti mu omi yó! Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì.

Mo fà á yọ, mo gbé ọkọ̀ padà sórí omi, mo tẹná. Ọkọ̀ náà sáré gbọọrọ, kò tilẹ̀ mì.

Ìró rẹ̀ ń lu ògiri ẹ̀yìn wa, ó ń dún padà. Ibẹ̀ ni Bàámi yíjú sí, wọ́n kẹ̀yìn sí omi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Mo rí i! Bọ́lá, mo rí i."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."