Mọ́tò Tí Kò Nílò Ẹni Ẹ̀yìn

                                        Ilé Sàlàkọ́,
                                        Ìlọ́rọ̀,
                                        Ọ̀wọ̀.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, 1990.

Boniface ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ẹni ẹ̀yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara Agatha le? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn kò tíì gbàgbé èdè wa ní Wárí níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òyìnbó tí ò ń wà kò bínú jù? Mo gbọ́ pé mọ́tò tó ní ẹ́áńkọ́ńdíṣọ̀n lo ń wà báyìí. Rọra o, kí òtútù má lọ mú ọ nínú oòrùn.

Àwa náà wà. Sàlímọ́tù ìyàwó mi ní kí n kí ọ, ó ní kí n bi ọ́ bóyá ọ̀nà Wárí kì í bọ̀ wálé ni. Iléyá méjì ti kọjá, o kò jẹ nínú ẹran wa. Màmá rẹ, Màmá Theresa, le dáadáa. Mo máa ń yà kí wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Iyán tí wọ́n máa ń gún fún èmi àti ìwọ, wọ́n ṣì ń gún un. Wọ́n á bù ú sí abọ́ méjì, wọ́n á gbé tìrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, àwa méjèèjì á jọ máa wo ọ̀nà. Tó bá yá, màá jẹ abọ́ méjèèjì kí wọ́n má baà máa ronú. Mo ti sanra, Boniface. Ṣòkòtò kò gbà mí mọ́. Ẹ̀bi rẹ ni.

Ọ̀rọ̀ pikọ́ọ̀pù wa ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Píjó tí a fi ń fa mọ́tò tó bá kú yìí, èmi àti ìwọ la jọ rà á, n kò lè dá ṣe ohunkóhun lé e lórí láìsọ fún ọ.

Láti ìgbà tí o ti lọ, n kò rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sínú mọ́tò tí wọ́n ń fà. Àwọn èèyàn rò pé ìjókòó lásán ni. Ṣé o rántí bí a ṣe ń ṣe é? Èmi nínú Píjó níwájú, ìwọ nínú mọ́tò tó kú, okùn láàárín wa. Bí mo bá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, o ti tẹ bíréèkì kí n tó kó o wọlé. Bí nǹkan bá ṣe lọ́dọ̀ tìrẹ, tí họ́ọ̀nù kò ṣiṣẹ́, wàá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn mọ́tò, màá sì dúró. Bí o ṣe gbá a lọ́jọ́ yẹn ní oríta Ute, tí mo fò bọ́ sílẹ̀, tí mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ, àyà mi ń já, tí o wá ní, "Hàmídù, wọ́n ń sun àgbàdo níbẹ̀ yẹn." Mo bú ọ títí a fi dé Ọ̀wọ̀, mo sì ń jẹ àgbàdo.

Ó dáa, gbọ́ ohun tí ojú mi ti rí. Ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, mọ́tò rẹ̀ kú sí Imoru. Mo ní bí ó bá rí ọwọ́ mi níta, kó tẹ bíréèkì. Ó ní òun ti ń wa mọ́tò kí wọ́n tó dá abẹ́ fún mi. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Imoru, àwọn èèyàn ń kí i lẹ́bàá ọ̀nà, òun náà ń juwọ́ sí wọn bí ọba. Mo na ọwọ́ jáde. Ọ̀gá rò pé èmi náà ń kí òun ni. Ó juwọ́ padà sí mi, ó sì wọnú ẹ̀yìn Píjó wa gbàà! Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí o fi rọra?"

Mo wá mú Àbúdùlàhí, àbúrò ìyàwó mi. Òun kò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni, bíréèkì ló ń tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ láti ibi tí a ti gbéra títí a fi délé. Mo ń gbọ́ òórùn, mo rò pé ẹnìkan ń sun ewúrẹ́ nítòsí. Kílọ́ọ̀ṣì Píjó wa ló ń jóná. Mo ní kí ló dé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù okùn yẹn ló ń bà mí."

Ti Ijagba ló burú jù. Lọ́rì oníṣu kan kú sórí òkè, mo ní kí n gbìyànjú. Píjó wa fà á díẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ni lọ́rì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà wá padà. Mo fi jíà kìíní sí i, mo tẹ iná, àwa ṣì ń fi ẹ̀yìn lọ. Orí òkìtì gbágùúdá la balẹ̀ sí. Bàbá kan jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló wá fa ta?" Gbogbo Ijagba rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, ọkùnrin kan ní Ifọ́n tó ní mọ́tò ńlá ni gbogbo onílọ́rì ń ránṣẹ́ pè. Bí a bá dúró sórí Píjó yìí, kẹ̀kẹ́ la máa máa fà.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Láníyì wá yọjú. Bàbá rẹ̀ tó ń ṣe ọ̀nà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n fẹ́ ta Lándírófà wọn, pikọ́ọ̀pù tó wúwo, tó ní irin gígùn àti ṣéènì lẹ́yìn. Ó ní òun á gba Píjó wa, kí n fi nǹkan lé e. Lẹ́yìn Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ ló fẹ́ gbọ́ èsì.

Ó ní kí n kọ́kọ́ dán an wò. A lọ gbé mọ́tò tíṣà kan ní Imoru. Ṣéènì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, iwájú mọ́tò náà dìde nílẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fà létí. Láníyì fi àkísà so sítíárìn rẹ̀ kó má baà yí. Mo wonú rẹ̀, mo ní, "Ta ló máa jókòó síbẹ̀?"

Láníyì rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá Hàmídù, kò sẹ́nìkankan o. Ohun tí mo ń wí nìyẹn. Ẹ̀yin nìkan ti tó."

Boniface, mọ́tò yẹn lágbára. Òkè tí Píjó wa máa ń gùn bí aboyún, ó gùn ún bí ẹni tó ń lọ gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọwọ́ mi dá jáde lójú fèrèsé. Mo wo dígí. Ìjókòó ṣófo, àkísà ló di sítíárìn mú. Mo kó ọwọ́ mi wọlé, ojú ń tì mí. Ní oríta Ute mo tún dẹ eré, mo ń retí kí ẹnìkan gbá ilẹ̀kùn. Láníyì ní ṣé nǹkan bàjẹ́ ni, mo ní rárá.

Mo délé, n kò lè jẹun. Sàlímọ́tù ní, "Ṣé mọ́tò lẹ ń rà ni, àbí Boniface lẹ ń wá?" Mo ní kó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀ lórí iná.

Jìbírílù tó ń kó pákó wá sí Wárí ni mo fi ìwé yìí rán. Fi ẹnu rán an padà sí mi. Bí o bá ń bọ̀ wálé kí ọdún yìí tó parí, ní kó sọ pé kí n má tà á. Màá tún kílọ́ọ̀ṣì ṣe, a máa fa àwọn mọ́tò kéékèèké bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ará Ifọ́n máa fa lọ́rì lọ. Bí o kò bá ní lè wá, ní kó sọ pé kí n tà á. Má wulẹ̀ ṣàlàyé, ó máa yé mi.

Bá mi kí Agatha gan-an, kí o fi ọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí fún mi. Gbogbo ilé kí yín.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ti bá Láníyì sọ ni pé okùn wa kò sí nínú ọjà. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo ní màá fi so ewúrẹ́. N kò ní ewúrẹ́. Mọ́tò yòówù kó kù sí mi lọ́wọ́, abẹ́ ìjókòó rẹ̀ ni okùn yẹn máa wà. Ọjọ́ tí o bá dé, bó ṣe ọjọ́ kan péré lo wá lò, a máa wá mọ́tò ẹnìkan, bí kò tilẹ̀ bàjẹ́, a máa so ó mọ́ ẹ̀yìn, ìwọ á wọlé jókòó, màá fà ọ́ lọ sí Ute ká lọ ra àgbàdo.

                                        Èmi ni ẹni iwájú rẹ,
                                        Hàmídù.