Mo Ti Pa Àwọn Ohùn Inú Ẹ̀rọ Náà Rẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi Monílọ́lá,

Mo kí yín láti Òrè. Mo kí ọkọ yín, mo sì kí àwọn ọmọ tí òtútù ń bá fínra lọ́hùn-ún. Orúnkún Bàbá ti fúyẹ́. Wọ́n ti padà sóko kòkó ní Araromi-Obu, wọn ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, wọn ò sì jáwọ́ nínú gàrí yíyan.

Ẹ̀rọ oníbọ́tìnì tí ẹ rà fún mi láti máa fi ṣe orin ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ Múdàṣírù tó ń tan orin fáwọn èrò ní gáréèjì gbọ́ orin àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe, ó ní, "A ti gbọ́ eléyìí rí." Ó dùn mí wọra. Ẹ ní kí n ṣáà máa lo àwọn ohùn tó bá ẹ̀rọ náà wá. Ẹ má bínú, gbogbo ayé ló ń lò wọ́n, mi ò lò wọ́n mọ́. Mo ti pa gbogbo wọn rẹ́.

Mo gba ìró àfọ́kù igbá tí Màmá fi ń ha agbada gàrí sínú ẹ̀rọ náà. Mo fà á gùn, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, títí ó fi ń dún bí ìlù. Lánàá mo tan án ní pálọ̀, Màmá sì sáré jáde ní yàrá: "Ta ló ń yan gàrí mi? Ẹ má jẹ́ ó jóná o!"

Wáyà ẹ̀rọ náà ti ń já, ẹ bá mi fi òmíràn ránṣẹ́. Olúwa á dá yín sí fún wa.

Orin tí mo fi ìró náà ṣe ti wà lórí fóònù yín. Bí ẹ bá ní ẹ ti gbọ́ ọ rí, ilé wa lẹ ti gbọ́ ọ.

Àbúrò yín,
Olúwaṣíjibòmí