Sítíárìn Tí Heberto Bá Mi Tún Ṣe

                                        Ilé Kejì sí Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Los Haticos,
                                        Maracaibo,
                                        Venezuela.
                                        Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹta, 2018.

Heberto ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, bàbá ìsàmì ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Santiago ò pọ̀ jù fún ẹni tí oòrùn Maracaibo ti sè jinná? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o rí oorun sùn? Nelsida ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Yusmary ọmọ ìsàmì rẹ náà ní kí n kí ọ, ó ti ga dé èjìká mi báyìí. Ara gbogbo wa le, àfi ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí, òun àti sítíárìn tí o bá mi tún ṣe kí o tó lọ.

Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ ni fóònù máa ń wà, wọ́n á gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, èébú ni màá fi ṣíde. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìwé yìí rán àbúrò Nerio aládùúgbò wa, tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún.

Ìwọ náà rántí bí ọkọ̀ yẹn ṣe rí. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ àwa méjèèjì lọ́jọ́ orí. Kò sí ibi tí kì í dún lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé èrò, òun ló sì ń bọ́ wa. Nígbà tí sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ ló ń ṣe. Bí mo bá fà á, á tẹ̀lé mi. Bí mo bá tì í, á lọ. Obìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn bi mí pé, “Dẹ́rẹ́bà, ṣé ọkọ̀ lẹ̀ ń wà ni àbí ẹ̀ ń ro oúnjẹ?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo dín eré kù.

Nelsida ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún sítíárìn ṣe lẹ́bàá ọjà. Mo ní kí ló dé, ṣé Heberto ti kú ni? O mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Ẹni tó bá gbé ọmọ rẹ lórí omi ìsàmì, tó sì tún jẹ́ mẹkáníìkì, bí o bá gbé ọkọ̀ rẹ fún ẹlòmíràn, o ti tàbùkù ẹ̀ lójú gbogbo ayé nìyẹn. Òun náà ò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ò lè ṣe é. Bí ó bá sì ṣe é tán, o ò gbọ́dọ̀ ní kó ṣí i kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a ṣe bá a nìyẹn, bí a sì ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ọgbà ìyá rẹ lo gbé ọkọ̀ náà sí, o lo ọjọ́ méjì nídìí rẹ̀. Mo mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ti wà lápò rẹ nígbà yẹn, o sì ń kánjú. Nígbà tí o fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, mo di sítíárìn mú, ó le gbagidi. Inú mi dùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi ọ́ pé ṣé ọwọ́ rẹ dé ibi bóòtù mẹ́rin tó di ọ̀pá sítíárìn mú nínú lọ́hùn-ún. O ní, “Bàbá Yusmary, fọkàn ẹ balẹ̀. Mo fi orí ọmọ ìsàmì mi búra, mo yí wọn títí wọ́n fi ké.” Orí ọmọ mi lo fi búra, Heberto. Mo gbà ọ́ gbọ́, mo sì wa ọkọ̀ lọ.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mò ń gbé ìyá rẹ lọ sílé ìwòsàn nítorí ojú tó ń dùn wọ́n, bí mo ṣe ṣèlérí fún ọ ní ibùdókọ̀. Iwájú ni wọ́n máa ń jókòó, wọ́n ní ẹ̀yìn ń mú ooru jù. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, èrò mẹ́ta wà lẹ́yìn wa. Màmá ń sọ fún mi pé àwọn oníbàárà ń ráhùn pé mandoca, òrùka àgbàdo táwọn ń dín tà lẹ́nu ọ̀nà, ò tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn sì ti dá wọn lóhùn pé ẹnu wọn ló tóbi sí i. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí mo yà fún kòtò kan. Nǹkan já nínú ọ̀pá sítíárìn, sítíárìn sì wó lé mi lórí itan. Mo fi orúnkún gbé e sókè, mo ń yí i, kò yí. Ọkọ̀ gun pèpéle àárín títì, ó lọ kọ lu igi. Màmá ti na ọwọ́ síwájú láti fi gba ara wọn dúró. Mo gbọ́ nígbà tí eegun ọrùn ọwọ́ wọn dá, mo sì ṣì ń gbọ́ ọ títí dòní.

Àwọn èrò bú mi, wọn ò jẹ̀bi. Ẹgbẹ́ awakọ̀ gba nọ́ńbà tí mo fi ń gbé èrò kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Alága ní ẹni tí kò mọ ohun tó ń wà kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí mo délé, Nelsida ní, “Heberto yẹn ló fa gbogbo èyí.” Mo bá a jà. Mo ní kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi, pé kòtò ni, pé ọkọ̀ ló ti gbó. Nítorí rẹ, èmi àti ìyàwó mi yan odì.

Lẹ́yìn náà ni èmi àti Nerio, aládùúgbò wa tó ń jó irin, wọ́ ọkọ̀ náà dé ọgbà ìyá rẹ, a sì tú u. A yọ sítíárìn, a yọ sípíríǹgì, a tú wáyà, a fa irin kéékèèké méjì tó há sínú ọ̀pá yọ. Ohun tí a kọ́kọ́ bá ni rọ́bà táyà tí ẹnì kan gé, tó ká, tó wá fi awẹ́ agolo há mọ́lẹ̀ kí ọ̀pá má baà mì. Ooru ti jẹ́ kó rọ̀, ó ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, òun ló dí sítíárìn tí kò fi yí. Lábẹ́ rẹ̀ la ti rí bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gíríìsì ayébáyé ti gbẹ mọ́ wọn lórí, kò sí àpá sípánà kankan níbẹ̀. Ìka lásán ni mo fi yí wọn.

Nerio wò mí, ó ní, “Ó dáa bó ṣe lọ. Ká ní ó wà ńbí ni, ẹ̀wọ̀n ni ì bá lọ.” Ẹnu ilẹ̀kùn ni Màmá jókòó sí, ọwọ́ wọn wà nínú ẹfun líle tí dókítà fi dì í, wọ́n ti ń gbọ́ wa látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé nǹkan tí a rí níbẹ̀ wá. Wọ́n fi ọwọ́ òsì tẹ rọ́bà náà wò, wọ́n fi ìka tọ ibi tí ọ̀bẹ gbà. Wọ́n ní, “Mo gbọ́ nígbà tó ń gé e. Mo rò pé bàtà ló ń tún ṣe.”

Wọ́n gbé rọ́bà náà lé itan, wọ́n ní, “Eudo, o ò ní sọ fún un o. Ọ̀nà jìn, òun nìkan ló sì wà lọ́hùn-ún. Kòtò ni. Kòtò la máa sọ.” Kòtò náà ni wọ́n sì sọ fún gbogbo àdúgbò, wọ́n bẹ olúkúlùkù pé kí ó má ta ọ́ lólobó. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, ṣùgbọ́n èmi ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

A fọ àwọn bóòtù náà, a fi gọ́ọ̀mù sí wọn nídìí, a yí wọn le. Sítíárìn ò mì mọ́. Ká ní o sọ fún mi pé, “Eudo, ọwọ́ mi ò dé ibẹ̀, bọ́ọ̀sì mi sì ń lọ,” ṣé màá pa ọ́ ni? Ǹ bá gbé ọkọ̀ kalẹ̀ títí a ó fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. O tijú láti sọ, o ò wá tijú láti búra. Irin àlòkù ni mò ń fi ọkọ̀ náà kó báyìí, ẹgbẹ́ ò tíì dá nọ́ńbà mi padà.

Dókítà ní ọwọ́ Màmá ò ní tọ́ mọ́. Wọn ò lè po ìyẹ̀fun àgbàdo, ká tó wá sọ pé wọ́n á yí i ní òrùka dín. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé. Mo mọ̀ pé wọ́n sọ fún ọ pé wọ́n kàn wá lo ọjọ́ díẹ̀ ni, irọ́ ni. Yusmary ló ń bá wọn di irun, òun ló ń bá wọn de bọ́tìnnì ẹ̀wù.

Ǹ bá má kọ lẹ́tà yìí rárá, bí kì í bá ṣe ti ọjọ́ Àìkú tó kọjá. O pè, mo jókòó sí ìdí tábìlì, mo ń gbọ́ ohùn rẹ. O ń ṣẹ̀fẹ̀. O bi wọ́n pé, “Màmá, sítíárìn Eudo ńkọ́? Ṣé ó ṣì le?” Mo dìde láti gba fóònù náà. Màmá na ọwọ́ tó ti wọ́ yẹn sí mi pé kí n jókòó. Wọ́n ní, “Ó le dáadáa, ọmọ mi. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ọ́.” O sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Bá mi kí àwọn ará ilé wa tó wà lọ́hùn-ún. Má kọ̀wé dá mi lóhùn, mi ò nílò rẹ̀. Ìyá rẹ ni kí o pè. Sọ fún wọn pé o ti mọ̀, kí wọ́n lè sinmi irọ́ tí wọ́n ń pa nítorí rẹ. Wọ́n ti dàgbà jù fún un.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ tẹ́lẹ̀ rí,

Eudo.