Irun Dídì àti Ọ̀sẹ̀ Àwọn Ọmọbìnrin Yín

Abúlé Ìdí-Osè,
Lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́.

Motọ́lání Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, báwo ni ariwo Sùúrùlérè tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ àdúrà ara rẹ̀? Mo bẹ Olúwa kí ìwé yìí bá ọ nínú ayọ̀, kí ó má bá ọ lórí àìsàn, kí ó má sì bá ọ níbi tí o ti ń fi búrẹ́dì gbígbẹ tan ebi jẹ. Èmi náà wà dáadáa. Orúnkún òsì ṣì ń bá mi jà, ṣùgbọ́n ọ̀tún kò tíì dá sí i. Ọmọ-ọmọ ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bí ìbejì. Àwọn ará ilé ń kí ọ. Gbádé tó ń kó ata lọ sí Mushin ni yóò mú ìwé yìí bọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ inú mi gùn, fóònù sì máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ènìyàn bí owó inú rẹ̀ bá ti tán.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù, pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ìjọ yín ní Yaba, pé ẹ fẹ́ fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣe àjọ̀dún ẹgbẹ́, kí n sì bá ọ wá ohun tí ẹ ó máa ṣe lójoojúmọ́. Inú mi dùn débi pé mo dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ìwà wo nìyẹn? Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ìwọ náà ń sọ̀rọ̀, o ò dúró gbọ́. Mo tún un tẹ̀, o tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni. Kí n tó jẹun ọ̀sán, o ti kí mi ní ìgbà mọ́kànlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé a kọ́ ọ nílé, ṣùgbọ́n ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi rè é. Lọ́jọ́ Àìkú ẹ ó dúpẹ́, ìyẹn ò nílò àlàyé. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ kó àwọn ọmọ náà lọ sí Ládìpọ̀, kí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò fi nǹkan hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí mẹkáníìkì kankan má baà lè rẹ́ wọn jẹ láyé. Ẹ tún yan ọjọ́ kan tí olúkúlùkù wọn yóò lọ kí ìyá arúgbó kan, kí ó bá a fọ aṣọ, kí ó má sì yà á ní fọ́tò. Mo ronú pé kí ẹ fi ọjọ́ kan gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n mo rántí bí ojú rẹ ṣe máa ń rí bí ebi bá ń pa ọ́, mo sì fà á sẹ́yìn. Níyì, olùkọ́ ilé-ìwé abúlé wa, tún fi hàn mí pé o ti lẹ ìkéde àjọ̀dún náà sójú fóònù, àti pé ènìyàn igba ó lé méjìlá ló ti ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀. Igba ó lé méjìlá! Ta ni yóò se oúnjẹ wọn? Ẹni tó ní òun fẹ́ràn àjọ̀dún kò ní jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ tètè ra ìrẹsì o.

Ọjọ́ Sátidé tí ẹ ó fi kádìí rẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn jù. O ní ìyá kọ̀ọ̀kan yóò jókòó sórí àga, ọmọ rẹ̀ yóò jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ìyá yóò di irun fún un, yóò sì gbàdúrà sí i lórí. Ó dára púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ wálẹ̀, o ní kí n má ṣèyọnu, pé ìwọ á kúkú máa ya fọ́tò àwọn yòókù. Ọmọ mi, ó dùn mí. Ọdún kejìdínlógún rè é tí ìyá rẹ ti lọ, o sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò lẹ́nìkan.

Ṣé o rántí ẹni tó ń di irun rẹ nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ? Àwọn àbúrò ìyá rẹ ní àwọn yóò máa wá di í, o ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí rẹ àfi èmi. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Àkàngbé ti di onídìrí. Ṣùkú tí mo di fún ọ fì sápá kan, olùkọ́ yín sì béèrè bóyá o ṣubú ni. O sunkún dé ilé, síbẹ̀ o ò jẹ́ kí wọ́n tú u, o ní bàbá rẹ ló di í. N kò lè gbàgbé ọjọ́ náà láéláé.

Nítorí náà, láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń lọ sọ́dọ̀ Adùnọlá onídìrí ní oríta, kí n lè mọ̀ ọ́n dì dáadáa. Ó ní orí rọ́bà kan tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo kí orí náà láti ẹnu ọ̀nà, mo sì bínú pé ọmọ wo ni kò lè dá àgbà lóhùn. A ti wá mọwọ́ ara wa báyìí. Mo ti mọ kòlẹ́sẹ̀, mo mọ ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ṣùkú mi sì ti ń dúró lójú kan. Adùnọlá ní ọwọ́ mi ṣì wúwo, pé kí n rántí pé orí ọmọ kì í ṣe ebè iṣu.

Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí, Níyì ti bá mi kọ ọ́ lójú fóònù. Nígbà tó dé ibi orúkọ ìyá tó ń bọ̀, ó fẹ́ fò ó, mo ní kó kọ Àkàngbé Ògúntádé síbẹ̀. Ó ní ibẹ̀ kì í ṣe ti ọkùnrin. Mo bi í bóyá òun ló di irun rẹ, ló bá kọ ọ́. Ó wá ku kí n fọwọ́ sí i. Mo ti ra yíǹkì sílẹ̀, nítorí mo mọ bí fọ́ọ̀mù ṣe máa ń rí, mo ki àtàǹpàkò mi bọ̀ ọ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù dáadáa. Níyì lọgun. Ṣùgbọ́n fóònù tó ti sùn jí lójú ẹsẹ̀, ó tan yànràn, ni mo fi mọ̀ pé ẹ ti gbà mí wọlé ní Yaba.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú ti òwú dúdú àti ìyàrí tuntun, nítorí eyín ìyàrí Adùnọlá ti ká. Gbádé ni kí o fún, má fi gba báńkì. Ọmọbìnrin tó ń fi ẹ̀rọ káàdì sanwó fún wa lọ́jà ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi lójú gbogbo èrò. Àṣírí wo là ń tẹ̀ láàárín ọjà? Mo gba káàdì mi, mo gba ilé lọ.

Olúwa tó fi ọ́ ṣe olórí yóò fún ọ ní ọgbọ́n olórí. Àwọn ọmọ tí ò ń tọ́ yóò fi ayọ̀ dá ọ lọ́lá. Orí rẹ kò ní gbàbọ̀dè, o ò sì ní ṣe aláìlẹ́nìkan.

Fi fọ́tò yíyà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá pe àwọn ìyá lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni yóò dìde. Má lọ sọ́dọ̀ onídìrí kankan o. Tú irun rẹ sílẹ̀ dè mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkàngbé Ògúntádé.