Orúkọ Méje Tí Mo Fi Parọ́

Mission Bend,
Houston, Texas.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta.

Màmá mi ọ̀wọ́n, Ìyá Adébùnmí, ẹ̀gbọ́n Bàbá mi,

Mo kí yín púpọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo gbàgbọ́ pé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀, tí ẹ sì ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró lọ́nà. Tiwa níbí, a dúpẹ́. Ìyàwó mi Bísọ́lá kí yín. Jésùtófúnmi, ọmọ wa, ti pé ọdún mọ́kànlá.

Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní A, B, D, ẹ̀yin náà ni mo fẹ́ kọ ẹ̀ṣẹ̀ mi sí. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, màá fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́ wa ní Deer Park. Salambek lorúkọ rẹ̀, ọmọ Chechnya ni, ilẹ̀ olókè kan ní gúúsù Rọ́ṣíà. Lóṣù tó kọjá, a pè é wá jẹun, ọmọ mi sì bi í léèrè ilé wọn. Ó ní ilé-ìṣọ́ olókùúta kan wà lórí òkè tí àwọn baba ńlá òun kọ́, gbogbo ẹbí ló ni ín. Teip ni wọ́n ń pe irú ẹbí ńlá bẹ́ẹ̀. Ó ní ní ọdún 1944, ìjọba Sófíẹ̀tì kó gbogbo ẹ̀yà wọn sínú ọkọ̀ ojú irin nínú òtútù, ó kó wọn lọ sí Kazakhstan, ó sì hú òkúta ibojì wọn fi ṣe ọ̀nà. Bàbá bàbá rẹ̀, ọmọdé nígbà náà, ń ka orúkọ baba méje tó ṣáájú rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ náà kó má baà gbàgbé. Salambek dìde dúró, ó ka méje tirẹ̀. Ó wá ní, “Ládépọ̀, tìrẹ ńkọ́?”

Mo mọ Bàbá mi. Mo mọ Bàbá àgbà. Ibẹ̀ ló parí sí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń wo ẹnu mi. Mo bá dìde, mo ń kà lọ. Màmá, Dáhùnsi tí mo fi ṣe ẹnì kẹta, ọ̀gá ilé-ìwé wa àtijọ́ ni. Ẹnì kẹfà, awakọ̀ tó máa ń gbé wa lọ sí Iléṣà ni. Salambek fọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba fún wọn.

N kò mọ̀ pé Jésùtófúnmi kọ wọ́n sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí àwọn ọmọdé sọ nípa ilé wọn ní ìjọ wa ní Alief. Ó gba máìkì, ó ka méjèèje láìwo ìwé. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Mákánjúọlá, tí wọ́n jẹ́ ará ìlú wa, pè mí. Wọ́n ní, “Ládépọ̀, Dáhùnsi wo nìyẹn? Agboolé yín ni mo ti ṣeré dàgbà. Ẹ ò ní Dáhùnsi.” Ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, “Daddy, you made them up?” Títí a fi délé, ó ń ya ìwé tó kọ wọ́n sí wẹ́wẹ́ lórí itan rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo jẹ́wọ́ fún Salambek. Ó ní, “Òkúta ibojì tiwa, ọ̀tá ló hú u. Tiyín ńkọ́, ta ló hú u?” Ó tún ní, “Ta ló kù nílé tó mọ̀ wọ́n?” Mo dárúkọ yín. Ó ní, “Kí lo wá ń dúró tì mí ṣe?”

Ẹ rántí pé lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, ẹ pè mí kí ẹ lè ka orúkọ àwọn baba wa fún mi. Mo ní mò ń wakọ̀ lórí freeway, màá pè yín padà. Ọdún méjì rèé, n kò pè. Màmá, ẹ dárí jì mí.

Mo ti bẹ ọmọ mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá dìde sọ fún ìjọ pé irọ́ mi ló kà. Ó ní òun á bá mi dúró, ṣùgbọ́n òun ò ní bá mi sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ àwọn baba wa sí mi. Bó bá jẹ́ mẹ́ta lẹ rántí, mẹ́ta náà tó. N kò ní fi ẹyọ kan kún un.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ojú yín má ṣókùnkùn, kí ẹ fọwọ́ ara yín gbé ọmọ ọmọ Adébùnmí.

Èmi ni ọmọ àbúrò yín tí ojú ń tì,
Ládépọ̀.

Mo gbàgbé: Jésùtófúnmi ní ọkùnrin ni gbogbo àwọn tí Salambek kà. Ó ní, ta wá ni ìyá tó bí Bàbá àgbà? Mo sọ fún un pé n kò mọ̀.