Imú La Fi Ń Gbọ́ Ọ

                                        Alief, Houston,
                                        Texas, Amẹ́ríkà.
                                        Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹta, 2025.

Fèyísọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ Ẹ̀gbọ́n Fúnṣọ́ ńkọ́? Èmi náà wà níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju awakọ̀ bọ́ọ̀sì lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwádìí tí wọ́n fi mí sí ní yunifásítì ló wà lọ́kàn mi. Ilé iṣẹ́ kan tó ń po kẹ́míkà wà lẹ́yìn apartment wa. A fẹ́ mọ̀ bóyá òórùn rẹ̀ ló ń fa ikọ́ àwọn ọmọ àdúgbò tí Yorùbá pọ̀ sí yìí. Veronica, akẹgbẹ́ mi tí kò gbọ́ Yorùbá, ló ń lọ láti ilé dé ilé tó ń bi àwọn ìyá léèrè ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àbájáde rẹ̀ rú wa lójú: àwọn ọmọ tó ń wúkọ́ jù, ilé tí kò sí òórùn ni wọ́n ń gbé. Dókítà Anthony, ọ̀gá wa, ti ń múra láti kéde pé òórùn náà kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ilé Àǹtí Sàrátù wà lára àwọn tí Veronica kọ pé ariwo nìkan ló ń dà wọ́n láàmú. Abẹ́ yàrá mi gan-an ni wọ́n ń gbé, mo sì máa ń gbọ́ ikọ́ Juwairiyyah, ọmọ wọn, láti òkè. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ariwo kankan rí láti ilé iṣẹ́ yẹn. Mo pa ìtìjú tì, mo bi wọ́n léèrè lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ariwo kẹ̀? Mo sọ fún ọmọ yẹn pé we hear it every morning. Àbí etí lo fi ń gbóòórùn ní tìẹ?”

Fèyí, ní Gẹ̀ẹ́sì, etí nìkan ni wọ́n fi ń “hear.” Veronica kò purọ́, ohun tó gbọ́ ló kọ. Gbogbo ilé Yorùbá tó ń “gbọ́” òórùn ló ti kà mọ́ àwọn tí ariwo ń yọ lẹ́nu.

O mọ̀ pé n kì í lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Síbẹ̀, mo dìde, mo sọ ọ́ nípàdé. Dókítà Anthony ní kí a gbé ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ sínú ilé díẹ̀, kí a lè fi ohun tí ẹ̀rọ bá sọ tún èyí tí a ti kọ nípa àwọn ilé yòókù ṣe. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí òórùn bá ti le ni ikọ́ ti ń le. Ilé Àǹtí Sàrátù ló burú jù.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa ní yunifásítì pé kí a má sọ nǹkan kan títí ìwádìí yóò fi parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àǹtí gbé Juwairiyyah sẹ́yìn tí wọ́n ń wò mí lójú, mo ní, “Ẹ kó lọ, Àǹtí.” Wọn ò bi mí ní ìdí. Wọ́n ti wà lọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Missouri City, ìlú kan lẹ́bàá Houston, báyìí.

Abẹ́ yàrá mi ṣófo. Láàárọ̀ yìí mo tún gbọ́ ikọ́. Mo ti yọjú sórí àtẹ̀gùn kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Bá mi kí Màmá àti gbogbo ilé. Má sọ ti ikọ́ yìí fún wọn.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
                                        Ọmọ́yẹni.